Òṣómàáló inú orí: bí a ṣe ń tọ́jú OCD

Bútà oníke kan ń gba omi bíi líta méjì. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í lò ó tán lórí àlùwàlá kan. Bí ẹ bá wá rí ẹni tó ń lo bútà mẹ́rin fún ìrun kan ṣoṣo, tó ń jókòó 40 ìṣẹ́jú nídìí omi, tí lémọ́mù ti sálámà kó tó kan ẹsẹ̀ òsì, àwọn ará ilé á ní ẹ̀sìn ló wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Àwọn mìíràn á ní wáswáàsì ni, iyèméjì tí èṣù ń sọ síni lọ́kàn, kó máa sá di Ọlọ́run. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àìsàn, àtẹ́lẹwọ́ ti bó, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti kìlọ̀ títí, ọdún ti gorí ọdún.

OCD (obsessive-compulsive disorder) ni orúkọ tí ilé ìwòsàn ń pè é. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn. Àkọ́kọ́ ni èrò àìpè: ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí ìfura tó ń já wọnú ọkàn láìjẹ́ pé ẹni náà pè é, tó sì ń kó o nírìíra tàbí kó dẹ́rù bà á. Èkejì ni ìṣe àṣetúnṣe, ohun tó ń ṣe kí ẹ̀rù náà lè rọlẹ̀: fífọ nǹkan, yíyẹ nǹkan wò, kíka nǹkan, bíbéèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, àdúrà kan náà títí tó fi máa “rí bó ṣe yẹ”. Nígbà míì, inú lọ́hùn-ún ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í kò ní mọ̀. Tí méjèèjì bá ń gbà ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí tó ń ba iṣẹ́, ìjọsìn tàbí ilé jẹ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìmọ́tótó.

Èrò àìpè nìkan kì í ṣe àìsàn. Ní 1978, àwọn olùwádìí méjì, Stanley Rachman àti Padmal de Silva, bi àwọn tí kò ní OCD bóyá èrò burúkú òjijì máa ń sọ sí wọn lọ́kàn; nǹkan bí 80 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó dúró lórí afárá odò Ọ̀ṣun, tí ọkàn rẹ̀ sọ pé “bó o bá bẹ́ sínú omi ńkọ́?”, á mi orí, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ní OCD gbọ́ gbólóhùn kan náà, ó ní: “Kí ló dé tí mo fi ro irú èyí? Àbí èmi gan-an ni mo fẹ́ kú?” Ìtumọ̀ tó fún un yìí ló sọ èrò náà di àlejò tí kò lọ mọ́.

Àwọn àgbà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ òṣómàáló dáadáa: àwọn oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà tí wọ́n ń tajà láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lọ́jọ́ ìsan, pé òṣó làwọn máa ló títí owó á fi dé ọwọ́ àwọn. Bí OCD ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi ti pé gbèsè tó wá ń sìn, onílé kò jẹ ẹ́. Onílé ń fọwọ́, onílé ń yẹ ilẹ̀kùn wò: owó ló ń san yẹn. Tó bá ti san án, òṣómàáló á dìde, ara á tu onílé fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ti mọ̀ pé ilé yìí máa ń sanwó. Á padà wá lọ́la, owó á sì ti lé.

Ìtọ́jú tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò ju pé ká má san án lọ, kó lóṣòó títí ẹsẹ̀ á fi ro ó. ERP (exposure and response prevention) lorúkọ rẹ̀. Ẹni náà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ohun tó ń dẹ́rù bà á, á sì kọ̀ láti ṣe ohun tó fi máa ń lé ẹ̀rù náà. Victor Meyer ní London ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1966, lórí aláìsàn méjì. Ó ní kí wọ́n ti omi ẹ̀rọ yàrá aláìsàn pa kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ má rí omi fọ̀ ọ́. Ní Òṣogbo, kànga wà lẹ́yìnkùlé, píọ̀ wọ́tà wà lẹ́nu géètì, kẹ́ẹ̀gì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó lè ti gbogbo rẹ̀ pa. Ẹni tó ń ṣàìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò yọwọ́ kúrò lórí omi, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ yé e yékéyéké kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé méjì àkọ́kọ́, ìbéèrè ni. Mo máa ń lo Y-BOCS, ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn bí OCD ṣe le tó, tí Wayne Goodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1989. Ìbéèrè 10 ni: márùn-ún lórí èrò, márùn-ún lórí ìṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 0 sí 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. 8 sí 15 fúyẹ́, 16 sí 23 wà láàárín, 24 sí 31 le, ohun tó bá ju ìyẹn lọ ti le kọjá bó ṣe yẹ. A ó tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí máàkì bá fi ìdá 35 nínú 100 dínkù, a gbà pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 28 tó já sí 18 ti débẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì bọ́.

Ìwé kíkọ ọmọ iléèwé kan ló kù. Ẹ fa ìlà sí i kó pín sọ́nà márùn-ún: aago mélòó, kí ló fà á, kí ni èrò náà sọ, kí lẹ ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà. Ọjọ́ 7 gbáko. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀, wọ́n á kọ 10 ìṣẹ́jú sípò 30, torí náà mo máa ń bẹ ẹnì kan nínú ilé pé kó bá wa wo aago nígbà tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bá ti tì. Àwọn kan á tún sọ ìwé náà fúnra rẹ̀ di ètùtù tuntun: wọ́n á kọ, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un kọ kó lè gún régé. Irú wọn, bírò ni mo ń fún, mo sì ní kí wọ́n má pa nǹkan kan rẹ́, kódà bí wọ́n bá ṣì í kọ.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo máa ń ní kí ẹni náà ṣe nǹkan kan fún mi: “Fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ ro ohunkóhun tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ro àwọn ọ̀bọ inú igbó Ọ̀ṣun. Nígbàkigbà tí wọ́n bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ fìka kan tábìlì.” Ìka kì í sinmi. Daniel Wegner ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1987, béárì funfun ló lò, agogo ni wọ́n sì ń lù. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n ń lù ú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti ń lé èrò fún ọdún mẹ́fà á wá rí i pé lílé gan-an ló ń pè é padà. Ìṣẹ́jú méjì yìí máa ń ṣe ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Ó wá kan àkàsọ̀. Àkàsọ̀ ni mo ń pe ìwé tí a to àwọn ohun tó ń dẹ́rù bani sí, láti èyí tó kéré dé èyí tó ga. Ìwọ̀n ẹ̀rù 0 sí 100 ni a ń lò, èyí tí Joseph Wolpe gbé kalẹ̀: 0, ọkàn balẹ̀ bí ẹni tó sùn, 100, kò sí ẹ̀rù kankan tó lè jù ú. Àkàsọ̀ tó dára ní ìtẹ̀sẹ̀ 10 sí 15. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oní-bútà mẹ́rin. Àpẹẹrẹ díẹ̀ láti orí tirẹ̀ lè rí báyìí.

Ní 25, á fọwọ́ kan ìdè géètì ìta, kò ní fọwọ́ fún 30 ìṣẹ́jú. Ní 40, bútà méjì péré ló máa wà nílẹ̀ fún àlùwàlá, a ó sì tọ́jú àwọn yòókù pa mọ́. Ní 55, bútà kan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta fún oríkèé kọ̀ọ̀kan, kò ní kà á sókè, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bó bá tilẹ̀ gbàgbé iye tó ti wẹ̀. Ní 65, bútà kan, ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan. Ní 80, ilàjì bútà, nínú mọ́ṣáláṣí, níbi tí àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń wò ó. Ní 90, á kírun pẹ̀lú iyèméjì pé bóyá àlùwàlá òun kò pé, kò ní tún un ṣe, kò ní bi ẹnikẹ́ni.

Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ ní 25. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ jù á ní eré ni. Mi ò sì ń bẹ̀rẹ̀ ní 80, torí ẹni tó bá fò lọ sókè ní ìpàdé kẹta kì í padà wá ní ìkẹrin. 40 sí 50 ló dára.

Ìpàdé kan ń gba 90 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 12 sí 20 ìpàdé lápapọ̀. Ìpàdé ọ̀hún máa ń lọ báyìí. Ẹni náà á kọ́kọ́ kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, ní pàtó. “Nǹkan burúkú á ṣẹlẹ̀” kò tó. Kí ni? Nígbà wo? Ó dá a lójú tó mélòó nínú 100? “Bí mo bá fọwọ́ kan ìdè géètì tí mo sì fi jẹun, inú á máa run mí kí ilẹ̀ tó mọ́, 85.” Tàbí: “Mi ò ní lè fara dà á kọjá 10 ìṣẹ́jú, màá ya wèrè, 90.” Lẹ́yìn náà, á fọwọ́ kàn án. A ó jókòó. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, mo máa ń bi í ní ìwọ̀n. Ó sábà máa ń gòkè kó tó sọ̀kalẹ̀: 55, 70, 75, 70, 60. A kì í sọ ìtàn láti gbà á lọ́kàn, a kì í wo fóònù, mi ò sì ń sọ pé “kò séwu”. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni owó òṣómàáló, bó ti wù kó jọ àánú tó. Ohun tí mo ń bèèrè ni: “Kí lẹ ń rí lára báyìí? Níbo ló wà? Kí ni èrò náà ń sọ?”

Tẹ́lẹ̀, a máa ń dúró títí ìwọ̀n á fi já sí ilàjì kí a tó dìde. Àwọn olùwádìí bíi Michelle Craske ti wá fi hàn pé ẹ̀kọ́ tó ń dúró pẹ́ kò so mọ́ bóyá ẹ̀rù rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó so mọ́ bóyá ohun tí ẹni náà kọ sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ àbí kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ìwọ̀n bá ṣì wà ní 65 lẹ́yìn wákàtí kan, tí orí rẹ̀ sì pé, ọjọ́ yẹn kò ṣòfò: ó ti rí i pé òun lè gbé 65 rìn lọ sọ́jà. A ó padà sídìí ohun tó kọ, a ó fa ìlà sábẹ́ 90, a ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí i.

Nílé, ó kéré tán 45 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ìtẹ̀sẹ̀ kan náà, kó yí ibi àti àkókò padà: àárọ̀ nílé, ọ̀sán lẹ́nu iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ lọ́jà Ìgbóná. Ẹ̀rù tí a kọ́ láti borí nínú ọ́fíìsì mi nìkan, ọ́fíìsì mi náà ló máa mọ. Bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó lọ fọwọ́, kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kó padà lọ fọwọ́ kan ìdè géètì náà lójú ẹsẹ̀, kí fífọ̀ yẹn lè di asán.

Ní ìlú aláró bíi tiwa, àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ọwọ́ aláró dúdú mìnìjọ̀, ó sì fi ń jẹ iyán. Àwọ̀ wà níbẹ̀, ìdọ̀tí kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀lára pé “ọwọ́ mi kò mọ́” lè wà lára ọwọ́ tó mọ́ fún odidi ọjọ́. Kò di dandan kó kúrò kéèyàn tó jẹun.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí ojú kò tó. Ẹni kan á fọwọ́ kan géètì, kò ní fọwọ́, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ ó ti ń sọ “A-úúsù bílláhì” lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tàbí ó ń rántí ohun tí dókítà kan sọ lórí rédíò nípa kòkòrò. Ó ti san owó lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, tí ẹni náà ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé rẹ̀, tí Y-BOCS kò sì mira, ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni: “Kí lẹ ń ṣe nínú ọkàn ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e?” Àwọn owó abẹ́ tábìlì mìíràn: fífi aṣọ di ilẹ̀kùn mú, títọ́jú hánkáṣíìfù sápò “bóyá màá nílò rẹ̀”, sísọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyàwó kí òun náà lè mọ̀ sí i, wíwá a lórí Google láago méjì òru.

Ti gáàsì àti àgádágodo rọrùn díẹ̀ sí i. Ní 2003, Marcel van den Hout àti Merel Kindt ní Netherlands ní kí àwọn èèyàn yẹ sítóòfù gáàsì orí kọ̀ǹpútà wò léraléra. Ìrántí wọn kò dínkù rárá. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú ìrántí náà ló wọmi. Ẹni tó yẹ gáàsì wò lẹ́ẹ̀kan rántí dáadáa. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹwàá kò mọ èyí tó jẹ́ ti òní mọ́. Mo ní kí wọ́n yí orí sílíńdà pa lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má ya fọ́tò rẹ̀ (fọ́tò jẹ́ àyẹ̀wò tí a gbé sápò), kí wọ́n jáde, kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Fìà. Bí wọ́n bá dé Ọlá-Ìyá tí èrò ní “ó ti jó”, kí wọ́n fèsì pé “bóyá”, kí wọ́n máa lọ.

“Bóyá” yìí lọ̀rọ̀ tó le jù lọ́wọ́ àwọn aláìsàn mi, òun náà ló sì wúlò jù. Ọlọ́kadà tó gun kòtò, tí èrò sọ fún un pé èèyàn ló gbá, á fẹ́ yí padà lọ wo ojú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún yí padà lọ wo bóyá nígbà tó ń yí padà ló gbá ẹlòmíì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba ojú ọ̀nà oníkòtò yẹn kọjá, kó lo dígí ẹ̀gbẹ́ bí òfin ojú pópó ṣe ní kéèyàn lò ó, kó má yí padà, kó má pe rédíò láti bèèrè bóyá ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀. “Bóyá mo gbá èèyàn. Mi ò mọ̀. Mò ń lọ gbé pàsẹ́ńjà.”

Ti èrò tó ní í ṣe pẹ̀lú pípa ẹni lára le jù ú lọ láti sọ síta. Ẹ wo ìyá ìkókó. Ó ń gé ẹ̀fọ́, ọmọ wà lórí ẹní, àwòrán kan já wọlé: ọ̀bẹ, ọmọ, ẹ̀jẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ó kó ọ̀bẹ pa mọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, kò wẹ ọmọ mọ́ bí kò bá sí ẹnì kejì nínú ilé. Kò lè sọ ọ́, nítorí bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ti tó o tàbí pé àjẹ́ ni. Ẹ̀rù tó ń bà á ló fi hàn pé èrò náà lòdì sí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Ohun tí ẹ̀dá fẹ́ràn jù ni OCD máa ń gbá mú. Àmọ́ kí olùtọ́jú má fi wàdùwàdù sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ó ń gbọ́ ohùn tó ń pàṣẹ? Ṣé ó gbà pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ òun, tàbí pé ẹ̀mí àìrí wà lára rẹ̀? Ṣé ọjọ́ mẹ́ta ti lọ láìsùn, tí kò sì rẹ̀ ẹ́? Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń fò síwá fò sẹ́yìn? Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn kì í ṣe OCD. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀.

Bí kò bá sí èyí kankan, a ó kọ àkàsọ̀. Á kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Á gé àlùbọ́sà nígbà tí ọmọ ń sùn ní pálọ̀. Á gé e nígbà tí ọmọ wà lórí ẹní lọ́wọ́ ibi tó wà, tí ìyá ọkọ ti lọ sọ́jà. Á wẹ ọmọ lóun nìkan. Kò sóhun tó wà nínú àkàsọ̀ yìí tí ìyá kankan kì í ṣe lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àkàtúnkà, níbi tí Yorùbá ti máa ń ta kò mí. Ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀rù rẹ̀ sílẹ̀, bí ojú ìwé kan, kó ka á sínú fóònù, kó máa gbọ́ ọ fún 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ títí yóò fi sú u. Láàárín wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ní àṣẹ. Ẹni tó bá dárúkọ ibi á fi “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” tì í lẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà ibi tàbí kó ṣépè fún ara rẹ̀. Ohun tí a ń kọ ni àìmọ̀: “Mi ò lè mọ̀ dájú láéláé pé mi ò ní pa ọmọ mi lára. Mo lè gbé ìgbé ayé mi, kí n tọ́mọ mi, láìmọ̀.” Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á rárá á kọ́kọ́ kọ ọ́ bíi pé ẹlòmíì ni, “obìnrin kan wà”, kó tó wá kọ “èmi”. Ó sì gbọ́dọ̀ parí láìsí “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” nídìí rẹ̀. Lẹ́nu yín àti lẹ́nu mi, ìwà ọmọlúwàbí ni gbólóhùn yẹn. Lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ nígbà 200 lóòjọ́, owó òṣómàáló ni.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, mi ò ń dá a ṣe. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, mo máa ń bá a lọ bá àáfà tó nímọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí á bèèrè ohun tí òfin béèrè fún. Ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń ya ẹni tó ń ṣàìsàn lẹ́nu: hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé mùdù kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, ìwọ̀n tí àtẹ́lẹwọ́ méjì ń bù, kò tó líta kan. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lórí ìrun pé bóyá àlùwàlá òun ti bàjẹ́, kó má kúrò àfi bó bá gbọ́ ìró tàbí tó gbóòórùn. Ohun tó dájú, iyèméjì kì í yẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìbéèrè parí. Àáfà gan-an gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí ẹni yìí bá fi ohùn ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp láago mọ́kànlá alẹ́ pé “Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ bèèrè yìí”, kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Èyí ló máa ń nira jù fún wọn, torí iṣẹ́ wọn ni láti dáhùn.

Láàárín àwọn Kristẹni, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì tí Máàkù orí 3 sọ ló máa ń gbá wọn mú: èrò òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ á já wọlé láàárín orin ìyìn, wọ́n á sá jáde. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó títí ìsìn á fi parí, kí wọ́n tọrọ ìdáríjì lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, kí wọ́n má tún un ṣe. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ fún ìdándè, rúkíyà (àdúrà ìwòsàn àwọn Mùsùlùmí) tàbí ìwẹ̀ odò. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí wọ́n má fún un ní ètùtù tó ní iye. “Fi ọṣẹ yìí wẹ̀ lẹ́ẹ̀meje” lẹ́nu àgbà, lọ́wọ́ ẹni tó ní OCD, á di ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn ará ilé ló kù, àwọn ló sì ń san jù nínú gbèsè yìí láìmọ̀. “Bàbá Rọ́kíbà, ṣé ẹ ti ti ilẹ̀kùn?” “Mo ti tì í.” “Ṣé ó dá yín lójú?” “Ó dá mi lójú.” “Ẹ búra.” Mo máa ń pe ọkọ tàbí ìyá jókòó ní ìpàdé kẹta, a ó jọ fẹnu kò lórí gbólóhùn kan. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ìjìyà. “Ìyá Rọ́kíbà, mo rí i pé ara ń ni yín. A ti jọ ní mi ò ní dáhùn ìyẹn. Ẹ wá bá mi jókòó.” Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdáhùn kan fún ìbéèrè kan, kò sí ìkejì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ìdáhùn rárá. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń le, ìbéèrè á pọ̀ sí i, ẹkún lè wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ ló máa ń rọwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á dáhùn. Kò sí ohun tó burú bí ìyẹn: ẹni tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ́ òṣómàáló pé kó má tètè dìde.

Òògùn: dókítà ló ń kọ ọ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Fluoxetine àti sertraline ló wọ́pọ̀, ìwọ̀n tí OCD ń gbà sì sábà máa ń ga ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ. Sertraline lè dé 200 mílígíráàmù lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó hàn. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta pé kò ṣiṣẹ́ kò tíì lò ó. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ó kéré tán ọdún kan sí i, kí dókítà sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Diazepam, òògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, tí àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ ilé wọn ń ba ìtọ́jú jẹ́: wọn ò kọ́ nǹkan kan, òògùn ló gba ìyìn.

Ní Òṣogbo, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ béèrè ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni mìíràn wà: OAUTHC ní Ifẹ̀, UCH ní Ìbàdàn; Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ, sì wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ bi olùtọ́jú náà bóyá ó ń ṣe ERP. Bó bá ní kí ẹ máa fi rọ́bà ta ọrùn ọwọ́ nígbàkigbà tí èrò bá dé, tàbí pé kí ẹ máa ro nǹkan dáadáa dípò rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni tó máa tọ́ yín sọ́nà, ohun kan wà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé láìséwu: ìdádúró. Ẹ mú ìṣe kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù nínú ìwé yín. Nígbà tó bá ti ní kí ẹ ṣe é, ẹ wo aago, ẹ sún un síwájú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ máa bá iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Tó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó ṣì ń fà yín, ẹ tún fi márùn-ún lé e bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè dúró mọ́, ẹ ṣe ìṣe náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó di mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìyẹn, kó di ogún.